Ọ̀gá fẹ́ rán mi lọ àpérò dátábéèsì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi ni mò ń bójú tó dátábéèsì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń to ìsọfúnni sí) ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Òṣogbo. PostgreSQL, ètò dátábéèsì kan, la fi ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn. MySQL, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, ló wà lábẹ́ ètò ìsanwó tí wọ́n ti rà kí n tó débẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé iléeṣẹ́ á sanwó kí n lọ àpérò dátábéèsì lọ́dún yìí. Ẹyọ kan o. Ó ní kí n mú orúkọ èyí tí mo fẹ́ wá kí oṣù tó parí, mi ò sì lọ irú ẹ̀ rí.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ò ju méjì lọ. Èwo ló tó ohun tí èèyàn ń náwó lé? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ fi sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé dátábéèsì dání) sílẹ̀ tí wọn ò ní máa fi fóònù wá mi kiri? Ẹ kúkú mọ bí iná ṣe rí. Ìlú tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, àwa gan-an la jókòó sínú òkùnkùn.

Ẹ̀gbọ́n Sáfà

Àbúrò, kú oríire. Jẹ́ n ti ìdí ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí bákáàpù ẹ̀ (ẹ̀dà dátà tó fi pa mọ́ de ìṣòro) ò dá lójú, tó bá dé àpérò, ara ẹ̀ nìkan ló máa jókòó síbẹ̀, ọkàn ẹ̀ á wà nílé.

Bákáàpù tí o kò tíì dá padà rí, má tíì pè é ní bákáàpù. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, àwọn díẹ̀ ló ń ṣe é. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, iléeṣẹ́ tí àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, ní January 31, 2017. Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀dà kejì dátábéèsì wọn ò bá ojúlówó dọ́gba mọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe fẹ́ pa fóldà tó wà lórí ẹ̀dà yẹn rẹ́ kó lè tún un bẹ̀rẹ̀, àṣé orí ojúlówó sáfà ló wà. Kó tó rí i, kó tó dá a dúró, nínú nǹkan bíi 300GB, 4.5GB ló kù.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni mo fẹ́ kó o gbọ́. Nígbà tí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ń kó bákáàpù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfìfo ni wọ́n bá. pg_dump (irinṣẹ́ tó ń gbé bákáàpù PostgreSQL) ẹ̀dà 9.2 ló ń ṣiṣẹ́ náà, PostgreSQL 9.6 sì ni sáfà wọn. pg_dump tí ẹ̀dà ẹ̀ bá kéré sí ti sáfà kì í ṣiṣẹ́, á kọ̀ ni. Ó ń kọ̀, ó sì ń fi ímeèlì sọ pé òun kọ̀, àmọ́ wọ́n ń dá àwọn ímeèlì yẹn padà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó rí wọn. Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà díìsìkì tí ẹnì kan ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Iṣẹ́ mìíràn ló tìtorí ẹ̀ ṣe é o. Àwọn fúnra wọn ló kọ gbogbo ẹ̀ síta, wọ́n tún ń fi àtúnṣe náà hàn lórí YouTube bó ṣe ń lọ. Mo kan sáárá sí wọn fún ìyẹn.

Nítorí náà, wá kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò sí nǹkan lórí ẹ̀. Fi `pg_dump -Fc` gbé dátábéèsì, fi `pg_restore` sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Ka ìlà tó wà nínú tábìlì tó tóbi jù, wo aláìsàn tó wọlé kẹ́yìn, wò ó bóyá òun náà wà níbẹ̀. Kọ iye àkókò tó gbà sílẹ̀, torí ìyẹn ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ bi ọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ti MySQL, `mysqldump --single-transaction`, kí àwọn tó ń gbowó má baà dúró tì í. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà níta ọgbà ilé ìwòsàn yẹn.

Ti iná: wọ́n á sọ fún ọ pé kó o pa fsync kí sáfà lè yára. Má dá wọn lóhùn. fsync ló ń jẹ́ kí PostgreSQL dúró títí ohun tó kọ á fi dé orí díìsìkì kó tó sọ pé “ó ti parí”. Bó o bá pa á tí iná wá lọ lójijì, ohun tó o máa bá lè má ṣe é tún ṣe. Inverter nìkan ò tó. Ra UPS tó ní okùn USB tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀, kí sáfà lè fúnra ẹ̀ kú jẹ́jẹ́ bí bátìrì bá ń lọ sópin.

Àdùkẹ́ SQL

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n ti gba ìkejì, ẹ jẹ́ n mú ìkíní.

Àpérò ò dọ́gba. PASS Summit tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, Seattle ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sábà ń ṣe é, SQL Server, ètò dátábéèsì Microsoft, sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹgbẹ́ tó ni ín, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ti kógbá wọlé ní January 2021; iléeṣẹ́ Redgate ló ra orúkọ náà, tó sì ń bá a lọ. Ẹni tó ń fi SQL Server jẹun lè fi ṣe àfojúsùn. Ìwọ tí o ń lo PostgreSQL, mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí ọ̀gá ẹ san irú owó bẹ́ẹ̀. PGConf.EU, àpérò àwọn tó ń lo PostgreSQL, ló bá iṣẹ́ ẹ mu jù, ìlú kan sí òmíràn ló máa ń lọ káàkiri Yúróòpù. FOSDEM, àpérò àwọn tó ń ṣe ètò open source (ètò tí ẹnikẹ́ni lè wo inú ẹ̀), tún wà ní Brussels, òpin ọ̀sẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò tiẹ̀ ní kó o forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yẹn ò kọjá ẹnu ọ̀nà o. Físà wà ńbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wà ńbẹ̀, òtútù náà ò ní fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ro ti Yúróòpù, kó ti máa to ìwé físà láti ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú.

Ká sọ pé èmi ni, itòsí ni mo máa kọ́kọ́ lọ. OSCAFEST wà ní Èkó, àwọn Open Source Community Africa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní February 2020. DevFest, àpérò àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà, ń wáyé ní ìlú tó pọ̀ ní apá ìparí ọdún. SQLSaturday náà wà, ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀fẹ́, Florida ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2007, ó sì ti tàn kárí ayé. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ dátábéèsì nìkan ní OSCAFEST àti DevFest, mo gbà. Àmọ́ àwọn tó o máa bá pàdé níbẹ̀ mọ ohun tí iná tó lọ láàárín bákáàpù ń jẹ́. Ará Seattle ò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Abéré

Ẹ máa bínú sí mi o. Kí lẹ fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì? FOSDEM ń gbé fídíò ọ̀rọ̀ wọn síta, ọ̀pọ̀ àwọn yòókù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí Edgar Codd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ sílẹ̀ ní IBM ní 1970 la ṣì ń lò dòní: tábìlì, ìlà, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Àwọn míì á lọ àpérò, wọ́n á kó ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ àti bírò bọ̀, ọjọ́ Monday ni wọ́n á ti gbàgbé. Fi owó yẹn ra díìsìkì kejì àti UPS tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ.

Àdùkẹ́ SQL

Bàbá, ẹ ò parọ́ lórí ọ̀rọ̀ fídíò. Fídíò tó bá dára, mo máa ń wò ó nílé. Ìdí tí mo fi ń lọ ni pé fídíò ò lè wo query (ìbéèrè tí mo ń bi dátábéèsì) tèmi.

Query kan wà níléeṣẹ́ wa tó ń fi ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣa àwọn oníbàárà. Ó máa ń fa ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń lò ó á fi dìde lọ bá ẹlòmíì tàkúrọ̀sọ. Index, atọ́ka tó ń jẹ́ kí wíwá yára, wà, kò ran án lọ́wọ́. Mo fi `EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS)`, tó ń sọ ọ̀nà tí PostgreSQL gbà ṣe iṣẹ́ náà, síwájú ẹ̀, mo tẹ èsì ẹ̀ sórí pépà, mo ká a sápò lọ sí àpérò. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùbánisọ̀rọ̀ parí, mo dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Kò wo àkókò tó gbà rárá. Ìka ẹ̀ lọ tààrà sí ibi tí PostgreSQL kọ iye ìlà tó retí sí, ó tún fi lé iye ìlà tó bá gan-an. Díẹ̀ ló retí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló bá. Ó wá bi mí pé ṣé kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì tí mo fi ń ṣà wọ́n ò tan mọ́ra wọn ni?

Wọ́n tan mọ́ra wọn kẹ̀! Ẹni tó bá ń gbé nígboro Òṣogbo, ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo tàbí ti Ọlọ́rundá ló máa wà. Àwa mọ̀ bẹ́ẹ̀, PostgreSQL ò mọ̀. Lójú tiẹ̀, ìlú dá wà lọ́tọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, ó wá ń sọ ìdá kan di ìlọ́po ìdá kejì títí iye tó retí fi kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí pé ó rò pé ìlà díẹ̀ ni, ọ̀nà tó dáa fún ìlà díẹ̀ ló gbà. Ohun tí ọkùnrin yẹn kọ sẹ́yìn pépà mi, kí PostgreSQL lè mọ̀ pé méjèèjì tan mọ́ra wọn, nìyí (láti ẹ̀dà 12 sókè ló ń ṣiṣẹ́):

`CREATE STATISTICS ilu_ijoba (mcv) ON ilu, ijoba_ibile FROM onibara;`
`ANALYZE onibara;`

A ò kan index, a ò ra sáfà tuntun. Mo lè jókòó wo fídíò títí ilẹ̀ á fi mọ́, mi ò bá má mọ ohun tí mo máa wá.

Torí náà, Ọmọ Òkè-Fìà, má lọ lọ́wọ́ òfo. Gbé èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù dání. Bí o kò bá mọ èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, tan pg_stat_statements (ohun tó ń ka àkókò tí query kọ̀ọ̀kan ń gbà) báyìí, jẹ́ kó ka nǹkan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó o sì to ìlà bó ṣe gba àkókò lápapọ̀, kì í ṣe èyí tó pẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan. Query kékeré tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lójoojúmọ́ lè máa jẹ sáfà ju ìròyìn òpin oṣù lọ.

Ẹ̀gbọ́n Sáfà

Ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ dáa, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni tìẹ. Wo èsì EXPLAIN yẹn dáadáa kó o tó tẹ̀ ẹ́ jáde: níbi tó kọ “Filter” sí, ohun tí ẹ fi ń wá nǹkan máa ń hàn gbangba níbẹ̀. Orúkọ aláìsàn lè wà ńbẹ̀, nọ́ńbà fóònù lè wà ńbẹ̀. Fi nǹkan mìíràn rọ́pò wọn. Má sì gbé dátábéèsì àwọn aláìsàn sórí láàpútọ́ọ̀pù lọ sí àpérò láéláé, ì báà jẹ́ “kí n kàn fi ṣàlàyé”. Òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn ní Nàìjíríà ti wà láti June 2023, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára ohun tí òfin náà kà sí ohun ẹlẹgẹ́. Bí láàpútọ́ọ̀pù náà bá sọnù, tó sì lè kó bá àwọn aláìsàn, wákàtí 72 ni iléeṣẹ́ yín ní láti fi tó Àjọ tó ń rí sí i létí. Ta ló fẹ́ jí sírú ìyẹn?

Tó o bá nílò ohun tí wàá fi ṣàpẹẹrẹ, `generate_series` máa fún ọ ní ìlà mílíọ̀nù kan tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú.

Ọmọ UNIOSUN

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò tíì níṣẹ́, kò sí ọ̀gá tó máa sanwó fún mi. Ṣé àwa náà lè débẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, mo tún ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu: mò ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe tó ń kó orúkọ Yorùbá pọ̀. Bí mo bá wá “Ọlá”, ó máa ń mú àwọn kan wá, ó máa ń fi àwọn kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú mi wọn ò yàtọ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Àdùkẹ́ SQL

Àbúrò mi, yọ̀ǹda ara ẹ fún iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣètò àpérò máa ń wá ẹni tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó máa gbé máìkì kiri, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó ìwọlé lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kó o dìde sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ kúkúrú oníṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣòro orúkọ tó o sọ yẹn gan-an tó láti sọ! Má lọ ṣàlàyé ohun tí SQL jẹ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ẹ́ lọ. Ohun tó ṣe ọ́ ni kó o sọ.

Alákọsílẹ̀

Mo ti ń retí kí ẹnì kan mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Ibi tí àwa ọmọ Yorùbá ti ń jìyà nìyẹn, ìwé òyìnbó kì í sì í sọ ọ́ dáadáa.

Ọmọ UNIOSUN, ojú ẹ ń tàn ọ́ ni. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì lábẹ́, ọ̀nà méjì ni fóònù lè gbà kọ ọ́: bóyá lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1EB9 (nọ́ńbà ẹ̀ nínú Unicode, àtò lẹ́tà gbogbo èdè fún kọ̀ǹpútà), tàbí e lásán tí wọ́n fi àmì U+0323 sí lẹ́yìn. Wọ́n jọra lójú, kọ̀ǹpútà ò kà wọ́n sí ọ̀kan. Fi ohùn òkè lé e báyìí, ó tún di ọ̀tọ̀, torí Unicode ò ní “ẹ́” gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo. Méjì ló máa ń jẹ́, ó kéré tán. Keyboard kan á kọ ti ìsàlẹ̀ ṣáájú, òmíràn á kọ ti òkè ṣáájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí “Ọlá” ẹ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ PostgreSQL lò ń lò, láti ẹ̀dà 13 ni `normalize(oruko, NFC)`, tó ń sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé yẹn di ọ̀kan, ti wà níbẹ̀. Fi sí ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo orúkọ gbà á kọjá kó tó wọlé, kó o sì fi tún èyí tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, ṣe kọ́lọ́ọ̀mù kejì tí orúkọ ò ti ní àmì kankan, kó o máa fi ìyẹn wá èèyàn. Nọ́ọ̀sì tó ń tẹ orúkọ ní wàrà-wéré ò ní àyè àmì ohùn. Orúkọ tó pé, tó ní àmì, ni kó o máa fi hàn, òun ni kó o sì tẹ̀ sórí káàdì.

Lórí MySQL, utf8mb4 (ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú lẹ́tà) ni kẹ́ ẹ lò; “utf8” àtijọ́ wọn ò ju báìtì mẹ́ta fún lẹ́tà kan, emoji kan ṣoṣo lè dá a dúró. Láti MySQL 8.0, utf8mb4_0900_ai_ci, ìlànà tó fi ń fi lẹ́tà wéra, ló máa ń wá fúnra ẹ̀. “ai” tó wà níbẹ̀ ò ka àmì sí, torí náà wíwá orúkọ á rọ̀ yín lọ́rùn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: Ṣadé àti Sadé á di ẹnì kan náà lójú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi UNIQUE (àṣẹ tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì) sórí kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, á lé ẹnìkejì síta. SQL Server ní tiẹ̀, NVARCHAR ni kẹ́ ẹ fi ṣe kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ, kẹ́ ẹ sì fi N síwájú ọ̀rọ̀: N'Ọ̀ṣun'. Ẹ ò fi N sí i? Àmì ìbéèrè lẹ máa rí.

Ẹ má sì fún orúkọ ní àyè kótópó. “ọ̀” tí ẹ rò pé lẹ́tà kan ni, méjì ni PostgreSQL kà á sí. Ẹni tó bá fi VARCHAR(15), àyè lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, de orúkọ Yorùbá, kó mọ̀ pé òun máa ti orúkọ ẹnìkan tòun ti Olúwa ẹ̀ mọ́ta.

Ìyá Àjẹṣẹ́kù

Hahaha, Alákọsílẹ̀ o! Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lèmi wà. Kí n fi tèmi kún un. Owó kì í wọ float (nọ́ńbà tó kàn ń súnmọ́ iye), numeric (nọ́ńbà tó pé gẹ́lẹ́) ni. float ò lè kọ 0.1 bó ṣe rí gan-an, tí ẹ bá ń ṣírò èlé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kọ́bọ̀ á máa sá, àwọn ìyá ọjà Ìgbọ̀nà á sì bá yín rí i.

Nọ́ńbà fóònù, ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kà á sí, kì í ṣe iye. Bẹ́ ẹ bá fi sí integer (nọ́ńbà odidi), 0 iwájú 0803 ti lọ nìyẹn. Ẹ má sì fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tábìlì, torí nọ́ńbà tí ẹnì kan ò lò mọ́, wọ́n máa ń tà á fún ẹlòmíì.

Kọ́kọ́rọ́ tó ń ka ara ẹ̀ ńkọ́? bigint, integer tó láyè jù. Integer lásán dúró sí 2,147,483,647. Basecamp, iléeṣẹ́ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, kàn án lára tábìlì wọn kan ní November 2018, wákàtí bíi márùn-ún ni àwọn oníbàárà wọn fi lè ka nǹkan tí wọn ò lè kọ nǹkan kan sí i.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti dá bákáàpù PostgreSQL padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ó pé. Ti MySQL ló ń kọ mí lóminú: mo wo inú ẹ̀, MyISAM, ọ̀nà àtijọ́ tí MySQL ń gbà tọ́jú tábìlì, làwọn tábìlì ìsanwó náà. Ṣé `--single-transaction` yẹn ṣì wúlò?

Ẹ̀gbọ́n Sáfà

Kò wúlò fún MyISAM. InnoDB, ọ̀nà ìtọ́jú tábìlì mìíràn, nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún un, òun ni MySQL sì ti ń lò fúnra ẹ̀ láti ẹ̀dà 5.5, èyí tó fi hàn pé ètò yẹn ti dàgbà. Bí àwọn èèyàn bá ń gbowó lọ́wọ́ bó o ṣe ń gbé e, apá kan bákáàpù lè má bá apá kejì mu. MyISAM náà kì í fara da kí iná lọ lójijì. `ALTER TABLE ... ENGINE=InnoDB` ló máa yí i padà, àmọ́ orí ẹ̀dà ni kó o ti kọ́kọ́ dán an wò, kó o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ta ètò náà. Títí dìgbà yẹn, alẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń gbowó ni kó o máa gbé e, kó o lo `--lock-tables`.

Bàbá Abéré

Ó dáa, mo gbà pé kó lọ. Kó lọ ti Èkó. Kó má jáde láàárọ̀ ọjọ́ àpérò o, Ìbàfò àti Berger lè jẹ gbogbo òwúrọ̀ ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kó ti sùn síbẹ̀.

Ta ló ń dúró dè é nílé?

Ọmọ Òkè-Fìà

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀, Bàbá. Mo fẹ́ fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tèmi.

Ìyá Àjẹṣẹ́kù

Rárá o! Ṣe àkáǹtì tiẹ̀ fún un, èyí tó lè wo nǹkan ṣùgbọ́n tí kò lè pa nǹkan rẹ́. Kọ ohun tó máa ṣe bí sáfà bá kú sílẹ̀ ní Yorùbá tó yé e: èwo ló máa kọ́kọ́ tàn, iná wo ló yẹ kó rí, ìgbà wo ló yẹ kó pè ọ́, ta ló máa pè bí o kò bá gbé e. Tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn yàrá sáfà. Kó o sì jẹ́ kó ṣe é lójú ẹ lẹ́ẹ̀kan kó o tó wọkọ̀.